Ilé pọ́ọ́kú àti ilé gíríìnì: ẹ gbé méjèèjì síta ká wò wọ́n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ná, torí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ilé gíríìnì kì í ṣe ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé o, kì í sì í ṣe ilé olówó ńlá tí wọ́n gbin òdòdó yí ká tí sólà sì kún orí òrùlé ẹ̀ fọ́fọ́. Ilé tí wọ́n rò dáadáa kí wọ́n tó fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀ ni, ilé tí ò ní máa jẹ iná jù, tí ò ní máa fi omi ṣòfò, tí atẹ́gùn ń wọ̀ tó sì ń jáde, tí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ò sì ní máa pa yín lára díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ìyẹn ò ní kó má jẹ́ ilé mẹ̀kúnnù. Lójú tèmi, ilé mẹ̀kúnnù ló tiẹ̀ yẹ kó jẹ́ jù, torí olówó lè gbé inú ilé tó gbóná bí ààrò kó sì fi ẹ̀rọ amúlétutù bo àṣírí ẹ̀, mẹ̀kúnnù ò rí ti ìyẹn ṣe.

Ilé méjì ni mo fẹ́ gbé síra wọn. Yàrá wọn dọ́gba, fífẹ̀ wọn dọ́gba, méjèèjì ni ẹni tí owó ẹ̀ ò pọ̀ lè gbà. Èyí tówó ẹ̀ kéré jù ni mò ń pè ní ilé pọ́ọ́kú, wọ́n kàn kọ́ ọ kó lè dúró ni. Ìkejì ni ilé gíríìnì, owó ẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Díẹ̀ yẹn gan-an la fẹ́ mọ ohun tó ń rà fún wa. Mo ti gbé irú méjèèjì rí o, nítorí náà mo ní ibi tí mo fì sí, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí gíríìnì ò pé rárá, màá sọ ìyẹn náà.

Owó ilé kọ́ ni iye tí ilé ń gbà lọ́wọ́ yín

Ibi tí gbogbo wa ti ń ṣìnà nìyí. Ájẹ́ńtì á dárúkọ owó, ọkàn wa á lọ síbẹ̀, a ò ní bèèrè nǹkan míì mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnu pọ̀ lára ilé: iná ń jẹ, omi ń jẹ, gáàsì ń jẹ, pọ́lọ́mbà tó ń tún páìpù kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ń jẹ, oògùn ikọ́ àwọn ọmọ ń jẹ, ọjọ́ tẹ́ ẹ ò lè lọ síbi iṣẹ́ torí pé ọmọ ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn mọ́jú náà ń jẹ, kò sì sí ìkankan nínú ẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó 100 ṣe é, owó yòówù kẹ́ ẹ máa ná. Ká ní ilé pọ́ọ́kú ń gba 100 lóṣù, tí iná, omi àti gáàsì ibẹ̀ sì jẹ́ 40. Ilé gíríìnì ń gba 110, àwọn bíìlì ẹ̀ jẹ́ 22. Ọ̀kan di 140, ìkejì di 132. Èyí tá a ní ó wọ́n ti fi 8 dín sí èyí tá a ní ó pọ́, a ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà o. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà wò: ká ní bíìlì yín nílé pọ́ọ́kú ò ju 12 lọ tẹ́lẹ̀, bóyá torí pé ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nílé, ẹ kì í sí nílé lọ́sàn-án, ojú ọjọ́ àdúgbò yín náà ò gbóná jù kò sì tutù jù. Kò sí bí ilé kan ṣe máa gba 10 padà fún yín nínú 12. Tó bá jẹ́ ti owó nìkan, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà jàre.

Ọgbọ́n yìí náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ń lò. Wọ́n ní tí ilé bá ti gbà ju ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìdílé kan, ó ti wọ́n jù fún wọn nìyẹn, kì í sì í ṣe owó ilé nìkan ni wọ́n ń kà, bíìlì iná àti omi wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi ilé wé ilé, irú ìṣirò yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ ní kí ẹni tó ń gbébẹ̀ lọ́wọ́, tàbí aládùúgbò, fi bíìlì oṣù tí ooru tàbí òtútù mú jù hàn yín. Ẹ má gba ti oṣù kan tí ojú ọjọ́ dáa o, ìyẹn ò sọ nǹkan kan.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé tàbí tó fẹ́ kọ́lé ní ìṣirò tiẹ̀, kò sì le: owó tó lé lórí torí gíríìnì, ẹ fi iye tó máa bá yín dín kù lọ́dún kan pín in. Tó bá jẹ́ 300 ló lé, tó sì ń dín 60 kù lọ́dọọdún, ọdún 5 lowó yín padà dé, gbogbo ohun tó bá dín kù lẹ́yìn ìyẹn èrè ni. Ẹni tó fẹ́ gbébẹ̀ fún 20 ọdún, kí ló tún ń rò? Ẹni tó mọ̀ pé òun á kó lọ lọ́dún méjì sí i, kó rọra.

Àwa ayálégbé ní wàhálà kan tó yàtọ̀ ṣá. Lánlọ́ọ̀dù ló yẹ kó náwó sára òrùlé àti fèrèsé, àwa là ń san iná. Kí ló máa wá jẹ́ kó náwó sí ohun tó jẹ́ pé àpò tiwa ló máa tù? Ìdí nìyẹn tí ilé háyà fi máa ń burú ju ilé táwọn onílé fúnra wọn ń gbé lọ, kì í ṣe ìkà ni gbogbo lánlọ́ọ̀dù. Níbi tí owó iná bá ti wà nínú owó ilé, tó jẹ́ pé òun ló ń san án, ẹ máa rí i pé kíá ló máa wá gílóòbù tó dáa rà.

Ooru àti òtútù: òrùlé ló ni ẹjọ́ yìí

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ilé, ẹ má lọ láàárọ̀ tí gbogbo nǹkan tutù. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ẹ wọ yàrá tó wà lókè pátápátá, ẹ na ọwọ́ sókè sí síìlìn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ní ilé pọ́ọ́kú ẹ máa mọ̀ ọ́n lára àtẹ́lẹwọ́ yín bí ìgbà téèyàn dúró ti ẹnu ààrò, torí páànù dúdú tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án lè gbóná tó 65°C, kò sì sí nǹkan kan láàárín òun àti síìlìn. Òrùlé tí wọ́n kùn ní funfun, tàbí tí wọ́n fi ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bò, lè fi ohun tó ju 28°C lọ tutù ju ìyẹn nínú oòrùn kan náà. Ọ̀dà funfun o! Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe sólà.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń mú ilé tutù ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ tó bá jẹ́ pé wọ́n rò ó kí wọ́n tó kọ́lé. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn loòrùn ti máa ń wà nísàlẹ̀ tó sì máa ń wọ fèrèsé tààrà, nítorí náà ilé tó kọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó gùn sí àríwá àti gúúsù, tó fi ẹ̀gbẹ́ tó kúrú sí ìhà oòrùn, oòrùn ò ní rí i mú dáadáa. Kí fèrèsé kọjú síra wọn kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé kó gba ìkejì jáde. Kí òrùlé gùn kọjá ògiri dáadáa kó lè ṣíji bo fèrèsé. Ilé pọ́ọ́kú máa ń ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ẹ ṣí i gbayawu títí ilẹ̀ á fi mọ́, atẹ́gùn ò ní wọlé torí kò rí ibi gbà jáde.

Ìyàtọ̀ tó ń ṣe lórí bíìlì: fáànù síìlìn kan ò ju bíi wáàtì 75 lọ, ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan lè jẹ wáàtì 750 sí 1000. Ilé tó jẹ́ pé fáànù lásán tó o lọ́dún yípo, ìdá kan nínú mẹ́wàá iná yẹn ló ń jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí òtútù ti ń mú, ọ̀rọ̀ yín tiẹ̀ le jù báyìí lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lórí ilé lọ́dún 2018 pé 18°C ni inú ilé yẹ kó tó, ó kéré tán, níbi tí òtútù wà. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru, àyà á di, àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé ló sì ń kọ́kọ́ mú. Ní New Zealand, àwọn olùṣèwádìí mú ilé 1,350 ní àdúgbò àwọn tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n tẹ́ ohun tó ń dènà òtútù sábẹ́ òrùlé àti sábẹ́ ilẹ̀ pákó àwọn kan, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ di ọdún kejì kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2007: àyà tó ń súfèé dín kù, ọjọ́ táwọn ọmọ ń pa ilé ìwé jẹ dín kù, ọjọ́ táwọn àgbà ń pa iṣẹ́ jẹ náà dín kù. Ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òrùlé àti ilẹ̀ yẹn nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ o, kò sẹ́ni tó fún wọn ní oògùn. Nígbà tó di 2009 ìjọba ibẹ̀ náà gbé owó kalẹ̀ láti ṣe é fáwọn aráàlú, àwọn tó sì ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà sọ pé owó 1 tí wọ́n ná mú nǹkan bíi 4 wá, ìlera ló sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wá, kì í ṣe iná.

Àwọn tó ń sọ pé ilé gíríìnì ò lè jẹ́ ilé mẹ̀kúnnù, ẹ bá mi sọ fún wọn pé àdúgbò ilé ìjọba kan ní Norwich ní England, Goldsmith Street, ilé bíi 100, àwọn ayálégbé káńsù ló ń gbé ibẹ̀, òun ló gba ẹ̀bùn Stirling lọ́dún 2019, ẹ̀bùn tó ga jù fún ilé kíkọ́ ní Britain. Ìlànà Passivhaus tó bẹ̀rẹ̀ ní Darmstadt, ní Jámánì, láyé 1991, ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé tí ògiri ẹ̀ nípọn, tí fèrèsé ẹ̀ dé pinpin, débi pé kíláwáàtì wákàtí 15 péré ni wọ́n gbà á láyè láti fi gbóná lórí mítà onígun mẹ́rin kan lọ́dún kan.

Ohun tẹ́ ẹ̀ ń mí símú

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni ilé pọ́ọ́kú ti ń gba owó tí kò sí nínú bíìlì kankan.

Mo ti gbé ilé kan fún ọdún mẹ́ta kí n tó sún wọ́dúróòbù mi. Mo kàn fẹ́ gbálẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ni. Ògiri tó wà níbẹ̀ ti dúdú látilẹ̀ dé ìbàdí mi, ó ń yọ irun wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì téèyàn gbàgbé sínú ọ̀rá, bàtà aláwọ tí mo tò sísàlẹ̀ wọ́dúróòbù ti funfun báláú, òórùn ẹ̀ dà bíi ti aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ni orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi wà. Ikọ́ ọmọ yẹn, gbogbo wa ti gbà pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, a ti ra oríṣiríṣi omi ikọ́ débi pé mo mọ iye tí ìgò kọ̀ọ̀kan jẹ́ lórí. Mo pe lánlọ́ọ̀dù, ó rán akùnlé wá, akùnlé kùn ún mọ́lẹ̀, ọ̀dà náà dáa o, oṣù kẹta ó tún ti yọ. Bíríkìlà kan tó bá ibòmíì wá ló fi hàn mí: páìpù gọ́tà òrùlé dópin sídìí ògiri yẹn gan-an, gbogbo òjò tó bá rọ̀ ibẹ̀ ló ń dà sí, ògiri ń fà á mu bí aṣọ. Páìpù tí ò gùn ju apá mi lọ ló yanjú ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé ohun tó ń bu lára ògiri kì í ṣe ìdọ̀tí, omi ló ń bọ́ ọ. Ohun tó bá rin tí ò gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ọṣẹ ò lè wò ó, ọ̀dà ò lè wò ó, àfi kẹ́ ẹ wá ibi tómi ti ń wá. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o: ní Rochdale, ní England, ọmọ ọdún méjì kan kú lọ́dún 2020 nínú ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àjọ tó ń fi ilé háyà fáwọn mẹ̀kúnnù, ìwádìí ilé ẹjọ́ sì sọ lọ́dún 2022 pé ohun tó bu lára ògiri ilé yẹn ló fà á. Àwọn òbí ẹ̀ ti sọ fáwọn onílé títí.

Ní òdìkejì, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ní àdúgbò ilé ìjọba kan tó ń jẹ́ High Point, wọ́n kọ́ ilé 35 fáwọn ìdílé tí ọmọ wọn ní asíma. Wọ́n rí sí i pé omi ò lè ti ilẹ̀ wọlé, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sẹ́ atẹ́gùn sí i, wọn ò lo kápẹ́ẹ̀tì níbi tó pọ̀ jù, ọ̀dà àti gúlúù tí ò ní òórùn líle ni wọ́n lò. Kí wọ́n tó kó débẹ̀, nínú ọjọ́ 14, ọjọ́ 7.6 péré làwọn ọmọ yìí ń lò láìsí àmì asíma lára wọn. Lẹ́yìn ọdún kan ó di 12.4. Àwọn tó sáré gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí asíma láàárín oṣù mẹ́ta jẹ́ 62 nínú 100 tẹ́lẹ̀, ó wálẹ̀ di 21. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ sáré lọ sílé ìwòsàn lóru rí mọ iye tí ìyẹn jẹ́, mi ò ní kí n máa ṣírò ẹ̀ fún un. Àwọn ìdílé míì tí wọn ò kó lọ sílé tuntun, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń bẹ̀ wọ́n wò tí wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ilé, àwọn náà rí ìtura, nítorí náà ẹni tí ò lè kó kúrò náà ò tíì pàdánù.

Wàyí o, ibi tí ilé gíríìnì ti lè dalẹ̀ yín rèé. Tí wọ́n bá dí gbogbo ihò ilé kí ooru tàbí òtútù má bàa wọlé, tí wọn ò wá ṣe ọ̀nà fún atẹ́gùn, ìdẹ̀kùn ni wọ́n kọ́ fún yín yẹn, kì í ṣe ilé. Èémí yín, omi tẹ́ ẹ fi wẹ̀, ooru ìkòkò, gbogbo ẹ̀ á há síbẹ̀. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ kan máa ń pọ̀ nínú ilé ju ìta lọ ní ìlọ́po méjì sí márùn-ún. Nítorí náà tí wọ́n bá ní ilé àwọn dé pinpin, ẹ bi wọ́n pé: atẹ́gùn ńkọ́? Ẹ wọ ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ẹ tan fáànù tó ń fa ooru jáde, ẹ mú ègé tíṣù kan sún mọ́ ọn. Tí kò bá lè fa tíṣù mọ́ra, ariwo lásán ló ń pa. Ẹ tún yọjú síta wò ó bóyá ìta ló ń tú u sí lóòótọ́, mo ti rí èyí tó jẹ́ pé inú àjà ló ń tú u dà sí.

Ilé ìdáná tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. WHO sọ pé èéfín ìdáná inú ilé, ti igi, èédú, kẹrosíìnì àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, pa èèyàn mílíọ̀nù 3.2 lọ́dún 2020 nìkan. Gáàsì dáa ju ìyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n gáàsì náà ń tú ohun tó ń yún ẹ̀dọ̀fóró jáde, torí náà fèrèsé ilé ìdáná kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o.

Ọ̀dà àti pákó ńkọ́? Ilé àtijọ́ lè ní ọ̀dà tó ní òjé nínú, Amẹ́ríkà ti fòfin dè é nínú ilé láti 1978, WHO sì sọ pé kò sí iye òjé kan tí ò léwu fún ọmọdé. Tọ́dà bá ń ṣí ní ègé ègé lójú fèrèsé tí ọmọ ń rá kiri nísàlẹ̀, ẹ má gba ilé yẹn, bó pọ́ tó bó pọ́. Ilé tuntun náà ní tiẹ̀: pákó tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù olówó kékeré, máa ń tú gáàsì kan tó ń jẹ́ formaldehyde jáde, àwọn tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún WHO sì ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 2004. Òórùn “ilé tuntun” táwa ń fẹ́ràn yẹn, òun ni díẹ̀ nínú ẹ̀. Tó bá ta yín lójú, ẹ jáde.

Omi, ká yára kọjá ibẹ̀

Tọ́ílẹ̀ẹ̀tì àtijọ́ ń lo nǹkan bíi lítà 13 lẹ́ẹ̀kan, ti ìsinsìnyí lítà 6, èyí tó tún mọ ọgbọ́n jù 4.8. Ẹ fi iye ìgbà táwọn ará ilé yín ń wọbẹ̀ lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra yín. Táàpù tó ń kán tó lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan máa dà ju lítà 11,000 nù lọ́dún kan. Òjò náà kì í purọ́: mìlímítà 1 òjò lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà 1, nítorí náà òrùlé tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 100 lè gba bíi lítà 2,000 nínú òjò mìlímítà 20, tẹ́ ẹ bá ní gọ́tà tó mọ́ àti táǹkì. Èyí dáa fún fífọ ilẹ̀, tọ́ílẹ̀ẹ̀tì àti ọgbà. Ẹ má mu ún bẹ́ẹ̀ o.

Kẹ́ ẹ tó gba ilé tó ní mítà omi, ẹ ní kí wọ́n ti gbogbo táàpù, ẹ ka mítà, ẹ lọ jókòó fún wákàtí kan, ẹ tún un kà. Tó bá ti rìn, páìpù kan ń jò lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa san án.

Sólà: ìkẹyìn ni kẹ́ ẹ fi ṣe

Mo mọ̀ pé èyí ò ní dùn mọ́ àwọn kan. Sólà dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n òun làwọn tó ń tà ilé fi ń tan yín jù torí òun lojú ń rí. Ilé tó gbóná, tí wọ́n wá gbé sólà lé lórí kó lè máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù, ilé pọ́ọ́kú tó wọ agbádá ni. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: gílóòbù LED ń fi nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 dín iná kù sí ti gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná, ó sì ń pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, fíríìjì, torí kì í sinmi tọ̀sán tòru. Lẹ́yìn ìyẹn, òrùlé. Nígbà tí ìlò yín bá ti wálẹ̀ tán, sólà kékeré á tó yín, owó ẹ̀ náà á kéré.

Ẹ sì ṣírò bátìrì o. Pánẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún 25, ṣùgbọ́n bátìrì tó ní ásíìdì nínú sábà máa ń lo ọdún 3 sí 5 péré, ti lithium lè tó bíi 10. Ẹni tó ní “sólà ọ̀fẹ́ ni” gbàgbé bátìrì. Ayálégbé tó jẹ́ pé àdéhùn ọdún kan kan ló ń ṣe, àfi tó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé tú gbé lọ.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, àti sàtífíkéètì

Bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, tí wọn ò sun nínú iná, máa ń jẹ́ kí inú ilé tutù lọ́sàn-án, ó sì lè dín owó sìmẹ́ńtì kù. Sìmẹ́ńtì fúnra ẹ̀ ló ń fa nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gáàsì carbon dioxide táráyé ń tú sáfẹ́fẹ́, èyí tó ń mú ayé gbóná. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ ò ga kúrò nílẹ̀, tí òrùlé ẹ̀ kúrú, omi máa jẹ ẹ́, ẹ máa kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Tí bíríkìlà yín ò bá ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ lo búlọ́ọ̀kù tó mọ̀, kẹ́ ẹ náwó sórí òrùlé àti fèrèsé dípò ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fi bo ògiri tàbí tẹ́ sábẹ́ òrùlé náà, ẹ bèèrè bó ṣe ń ṣe tó bá rí iná. Iná jó ilé gíga kan tó ń jẹ́ Grenfell Tower ní London lọ́dún 2017, èèyàn 72 ló kú: ohun tí wọ́n fi bo ògiri ìta ilé yẹn nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, kó lè móoru kó sì rẹwà, ló gbé iná gun òkè. Gíríìnì tó lè gbiná, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ti sàtífíkéètì tó ń jẹ́rìí sí i pé ilé jẹ́ gíríìnì, ó wúlò torí ó ní nọ́ńbà. EDGE, tí IFC tó wà lábẹ́ Báńkì Àgbáyé dá sílẹ̀, kì í fọwọ́ sí ilé tí ò bá fi ìdá 20 nínú 100, ó kéré tán, dín iná, omi àti ìpalára tí ohun ìkọ́lé ẹ̀ ń ṣe fún àyíká kù. Irú sàtífíkéètì bẹ́ẹ̀ míì bíi BREEAM àti LEED náà wà. Ilé tí ò ní ìkankan lè dáa gan-an o, owó ìwé yẹn náà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pariwo gíríìnì gíríìnì tí ò lè dárúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, orúkọ ló ń tà.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré, àgbàlagbà, tàbí ẹni tó ní asíma nílé, tàbí tó jẹ́ pé ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ mú ilé gíríìnì, kódà tí ìṣirò bíìlì bá tiẹ̀ já sí ọgbọọgba. Tẹ́ ẹ bá dá wà, tára yín le, tẹ́ ẹ kì í gbélé, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó lọ láìpẹ́, ilé pọ́ọ́kú tó gbẹ tí atẹ́gùn sì ń gba inú ẹ̀ kọjá máa ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ilé gíríìnì yẹn jìnnà débi pé ọkọ̀ wákàtí méjì lẹ ó máa wọ̀ lójúmọ́, owó ọkọ̀ máa gbé èrè ẹ̀ lọ, ara yín náà á sọ fún yín. Ilé pọ́ọ́kú tó wà nítòsí, tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé àwọn ọmọ, òun gan-an ló máa jẹ́ gíríìnì jù fún yín.

Tí kò bá sì sí èyí tẹ́ ẹ lè yàn, tó jẹ́ pé ilé pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ wà náà lẹ máa wà, ẹ bẹ lánlọ́ọ̀dù kó jẹ́ kẹ́ ẹ kun òrùlé ní funfun, ẹ ṣe àwọ̀n sí fèrèsé kẹ́ ẹ lè máa ṣí i sílẹ̀ lóru, ẹ yí gílóòbù padà lẹ́yọ lẹ́yọ bí wọ́n bá ṣe ń jó, ẹ wo ibi tí páìpù gọ́tà ń da omi sí. Kẹ́ ẹ sì lọ sún wọ́dúróòbù yẹn kúrò lára ògiri, kí ọwọ́ lè wọ ẹ̀yìn ẹ̀, lónìí.